Ṣé èébú ni wọ́n bú ẹ̀gbọ́n mi ni?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin lo ìsinmi tó kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́. Nígbà tó dé, ó kọ àròkọ nípa wọn níléèwé: bí wọ́n ṣe ń bó ọsàn fún un nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á ki náírà bọ àpò rẹ̀, tí wọ́n á ní, "Má jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́ o." Tíṣà wá fi báírò pupa kọ "avuncular!" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí orúkọ àìsàn ló ń dún létí mi.
Màmá Tóbi, Toronto

Màmá Tóbi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó yìn wọ́n ni. À-vọ́ń-kíù-là la ń pè é. Ọkùnrin tó dàgbà juni lọ, tó ń kẹ́ni, tára rẹ̀ yá mọ́ ọmọdé, ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Látìn ló ti wá. Avus ni bàbá àgbà. Avunculus, "bàbá àgbà kékeré", ni arákùnrin ìyá ẹni. Arákùnrin bàbá ní orúkọ tirẹ̀, patruus, òun ni wọ́n sì fi ń ṣàpèjúwe ẹni tó le. Nínú ewì Horace, akéwì Róòmù, ẹnì kan ní kí wọ́n má ṣe patruus fún òun! Àwa, ta ló ṣẹ̀gbọ́n ta ló ṣàbúrò là ń wò. Tiwọn, ilé bàbá ni àbí ilé ìyá? Ó sì yé mi. Nílé àbúrò ìyá mi ní Oǹdó ni mo ti ń mú ẹran nínú ìkòkò tẹ́nikẹ́ni ò nà mí.

Inú avunculus náà ni uncle ti jáde, ẹnu àwọn Faransé ló gbà kọjá. Kí àwọn ará Normandy, nílẹ̀ Faransé, tó ṣẹ́gun Ẹ́ńgíláńdì ní 1066, Gẹ̀ẹ́sì náà ní méjì: ēam nílé ìyá, fædera nílé bàbá. Uncle dé, ó gbé méjèèjì mì.

Lónìí, kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹbí. Dókítà àgbàlagbà tó ń bá ọmọ ṣeré kó tó gún un lábẹ́rẹ́, avuncular ni. Àmọ́ tí ọ̀gá ibiṣẹ́ bá ń gbá yín léjìká bí ọmọdé, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà ṣẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ka àròkọ yẹn fún ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù. Ẹ ṣáà fo ibi owó yẹn, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ ti gbọ́.
Bàbá Adé, Manchester