Ṣé Àbádòfin Tí Ó Kọjá Kíkà Kejì Ti Di Òfin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣojú wa ní Àbújá máa ń kọ lẹ́tà sí àwa ará Iléṣà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní àbádòfin òun ti kọjá kíkà kejì. Ṣé ó ti di òfin nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọ̀nà ṣì jìn. Ní kíkà kejì ni àwọn aṣòfin máa ń jiyàn lórí ohun tí àbádòfin dá lé, bí wọ́n bá sì fara mọ́ ọn, wọn a gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, tí ó lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àbádòfin máa ń sùn sí, bí àwọn tó ń kọ lẹ́tà kì í tilẹ̀ í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá jáde níbẹ̀ yóò la kíkà kẹta kọjá, yóò sì tún dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, nítorí àwọn aṣojú 360 kò lè dá ṣòfin láìsí àwọn sẹ́nétọ̀ 109. Lẹ́yìn náà, Ààrẹ ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú; bí ó bá kọ̀, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì tún un fọwọ́ sí. Owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà, kò di òfin títí Ààrẹ Tinubu fi buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, 2024.

Ẹ kọ̀wé padà sí aṣojú yín, kí ẹ bi í léèrè ìgbìmọ̀ tí àbádòfin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.