Áàpù ò mọ bí ẹ̀bà mi ṣe tóbi tó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìlera. Ẹ ní dókítà sọ pé ṣúgà yín ti ń gòkè, pé kí ẹ ṣọ́ ẹnu, ọmọ yín wá ní kí ẹ fi áàpù tó ń ka kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, sórí fóònù. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ilé wa. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ èyí tó ṣiṣẹ́ fún mi kì í ṣe èyí tí mo sanwó fún, ó sì tó odidi ọdún kan kí ojú mi tó là sí i.

Aránṣọ ni mí, Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ń jókòó ti máṣíìnì, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò láìtíì fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣúgà mi jẹ́ 118 mg/dL. Nọ́ọ̀sì ní bó bá dé 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Láti 100 títí dé 125, ẹnu ọ̀nà lèèyàn ṣì wà. Ó ní, "Mà, ẹnu ọ̀nà lẹ wà o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé áàpù àkọ́kọ́ sórí fóònù mi. Mo tẹ "eba" sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kó oríṣiríṣi jáde. Ọ̀kan ní ẹyọ ẹ̀bà kan ò ju 200 kálórì lọ, òmíràn ní ó lé ní 600. Ẹyọ ta ni? Ẹyọ ẹ̀bà ọkọ mi tó mẹ́ta tọmọ mi obìnrin. Àwọn tó ń lo áàpù náà fúnra wọn ló kọ púpọ̀ nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyẹn sí i, abọ́ ilé kálukú ló sì fi wọ̀n ọ́n. Àmàlà náà, "amala" lásán ni wọ́n kọ, kò yé mi bóyá èlùbọ́ iṣu ni tàbí láfún.

Mo lọ ra òṣùwọ̀n kékeré lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì ní Dùgbẹ̀. Mo gbé ẹ̀bà lé e: 600 gíráàmù. Mo wá "garri" nínú áàpù, mo tẹ 600. Ó ní 2,160 kálórì ni mo fẹ́ jẹ yẹn, ẹ̀bà nìkan, a ò tíì dárúkọ ọbẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ẹ̀bà ń tutù níwájú mi, mò ń wò ó bí ẹni pé wọ́n bu májèlé sí i. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Gàárì gbígbẹ ni áàpù ń sọ, 100 gíráàmù rẹ̀ ní nǹkan bí 360 kálórì, èmi sì ń wọn ẹ̀bà tó ti mu omi yó. Omi ò ní kálórì kankan. Lọ́jọ́ kejì, mo wọn gàárì kí n tó dà á sómi gbígbóná: 200 gíráàmù, ìyẹn 720 kálórì. Ó ṣì pọ̀ fún obìnrin tó ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe 2,160. Torí náà, gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n, ì báà ṣe gàárì, èlùbọ́, ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sì mú èyí tí wọ́n kọ fún gbígbẹ nínú áàpù. Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ibi tó dé nínú ife, ẹ sàmì síbẹ̀. Ife ike kan ni tèmi, mo fi kúútẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà sí i lára. Òṣùwọ̀n náà ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù látìgbà yẹn.

Epo pupa náà yà mí lẹ́nu. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún jẹ́ nǹkan bí 120 kálórì. Ojú ni mo máa ń fi wọn epo, bíi gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí mo fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, tí mò ń se ẹ̀fọ́ rírò fún èèyàn márùn-ún, ṣíbí mẹ́wàá ló lọ sí i. Mo dín in sí mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó fura, àfi ọkọ mi tó béèrè pé ṣé epo ti wọ́n sí i lọ́jà ni.

Ti ẹlẹ́rìndòdò ò tiẹ̀ gba áàpù. Ẹ yí ìgò rẹ̀, ẹ ka ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní bíi gíráàmù ṣúgà mẹ́wàá nínú 100 mílílítà, ìgò 50 sẹ́ńtílítà kan á wá sún mọ́ gíráàmù 50, ṣíbí tíì méjìlá nìyẹn. Méjì ni mò ń mu lójúmọ́ nígbà ooru. Ìjọba fi owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ní 2022 kí ọwọ́ wa lè kúrò níbẹ̀, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan kan lé e.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Áàpù bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí ara mi tètè fúyẹ́ tó, ojúkòkòrò mú mi, mo tẹ èyí tó yá jù. Ó ní kí n má jẹ ju 1,200 kálórì lọ lóòjọ́. Mo gbà á bí àṣẹ ọba. Tí mo bá fi díẹ̀ kọjá a, nọ́ńbà á pọ́n, ọkàn mi á sì bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń lọ léèsì oníbàárà kan, òòyì kọ́ mi, mo di tábìlì mú, áyọ́ọ̀nù sì jókòó lórí léèsì náà. Mo ra òmíràn san án, owó rẹ̀ ju owó ẹja oṣù kan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni áàpù kí mi kú oríire, pé ó ti di ọjọ́ mọ́kànlélógún tí n kò kọjá àlà. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà, pàápàá irú glibenclamide tó lè já ṣúgà wálẹ̀ lójijì, ẹ má gba ẹnu fóònù dín oúnjẹ kù kẹ́ ẹ tó bá dókítà yín sọ ọ́. Èmi tí mi ò lo oògùn kankan, ẹ wo ohun tójú mi rí.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, aago mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́ ni áàpù ń dún pé mi ò tíì kọ oúnjẹ àárọ̀. Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé mo gbààwẹ̀, àfi bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá.

Ti owó ńkọ́? Wọ́n ní ọjọ́ méje ọ̀fẹ́, mo kọ nọ́ńbà káàdì mi sí i. Nígbà tó sú mi, mo pa áàpù náà rẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún yọ dọ́là lákáǹtì mi. Pípa áàpù rẹ́ kì í dá owó rẹ̀ dúró o. Inú Play Store lẹ máa lọ, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Payments & subscriptions" sí, ibẹ̀ lẹ ti máa fagi lé e. Ẹ lo ímeèlì ọ̀tọ̀ pẹ̀lú. Ní 2018, nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 àkáǹtì ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀ ní MyFitnessPal, òun sì wà lára àwọn áàpù kálórì tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé.

Kámẹ́rà lásán ló wá yọ mí. Mo pa kálórì tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi sẹ́nu, mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Òun náà ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́. A ti jọ ṣàdéhùn pé kò sẹ́ni tó máa bá ẹnì kejì wí. (Àjẹkù àwọn ọmọ kì í wọnú àwòrán, mo jẹ́wọ́.) Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo jókòó, mo yẹ̀ wọ́n wò látòkè délẹ̀. Ẹ̀bà ni mo ti ń dá lẹ́bi látọjọ́ yìí, aago tó wà lára àwòrán ló tú àṣírí: 9:52 alẹ́, 10:15, 10:05. Mi ò kì í jẹun ọ̀sán. Pọfupọ́ọ̀fù, bisikíìtì, ẹ̀pà àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ń ti ọjọ́. Nígbà tí n bá fi bọ́ nínú gosílóò délé, ebi á ti fẹ́ pa mí kú, màá ro ẹ̀bà bí Òkè Màpó, màá sì sùn lé e lórí. Áàpù ò rí ìyẹn rí, torí àròpọ̀ ọjọ́ kan lápapọ̀ ló ń wò.

Mo ra kúlà oúnjẹ. Aago méjì ọ̀sán ni mò ń jẹ ẹ̀bà ife onílàá pupa báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́, màá ti jẹ mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀fọ́ àti ẹja. Mo sì ń fẹsẹ̀ rìn dé Sábó kí n tó wọkọ̀, kí n má fi gbogbo iyìn fún kámẹ́rà. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, 103 ni ṣúgà mi. Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ó ti sún sẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ti gbé áàpù sí i, ẹ má yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ya àwòrán ná, kẹ́ ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ máa fi í ránṣẹ́ sí, kó má jẹ́ ẹni tó máa ń pariwo mọ́ yín. Àbúrò mi ṣì ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Lánàá, ààbọ̀ búrẹ́dì àti mínírà ló fi ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo fi ẹ̀wà tèmi dá a lóhùn.