A ti ra bandwidth kún bandwidth, kí ló dé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì wa ṣì ń fà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ICT ni mo wà ní yunifásítì kan níbí l'Ékìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fowó kún bandwidth (ìwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń rà), síbẹ̀ tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ báyìí, portal ò ní ṣí mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa bú wa. Àwọn ọ̀gá wa ti ń sọ pé ká kúkú ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ojú sánmà wọlé yẹn, sí gbogbo faculty. Wáyà tó wà nílẹ̀ ti pẹ́ gan-an, switch, àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àwọn kọ̀ǹpútà, náà bẹ́ẹ̀. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù kan, ẹ so ó tààrà mọ́ router tí íntánẹ́ẹ̀tì yín gbà wọlé, ẹ ṣe speed test níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń lò ó lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá lọ ṣe irú ẹ̀ ní faculty tó jìnnà jù. Tó bá yá níbí tí ò yá lọ́hùn-ún, ikú ilé nìyẹn, kì í ṣe tòde, bandwidth tẹ́ ẹ bá tún rà, ẹnu géètì ló máa jókòó sí.

Wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Cat5e àti Cat6, wáyà kọ́pà tí wọ́n sábà fi ń so kọ̀ǹpútà, ò gbọ́dọ̀ kọjá 100 mítà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ campus wa, wọ́n á fà á láti admin lọ sí library, wọ́n á fi switch kékeré kan sórí àjà láàárín, wọ́n á tún fà á lọ sí lab, látibẹ̀ lọ sí hostel, tó jẹ́ pé tí iná bá lọ níbi ẹyọ kan péré, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti kú nìyẹn. Gigabit (ìyára 1000Mbps) sì rèé, gbogbo okùn mẹ́jọ inú wáyà yẹn ló nílò, 100Mbps ni mẹ́rin tó fún. Àwọn kan á wá pín wáyà kan sí méjì kó lè tó ọ́fíìsì méjì, wọ́n á láwọn dá owó sí. Switch tuntun tẹ́ ẹ bá rà síbẹ̀ ò ní ju 100 lọ láéláé.

Ẹ tún rántí pé òkè ló yí wa ká l'Ékìtì, àrá tiwa kì í ṣeré. Tí wáyà kọ́pà bá so ilé méjì pọ̀, tí àrá wá sán, inú ẹ̀ ló máa gbà wọlé, á jó switch níbí, ó lè jó ti ọ̀hún náà. Gíláàsì ni fiber, kì í gbé iná, torí ẹ̀ láti ilé sí ilé, fiber single-mode ni kẹ́ ẹ lò, ó ń lọ ọ̀pọ̀ kìlómítà láìsí wàhálà, kí kọ́pà dúró sínú ilé. Tó bá jẹ́ èyí tó ní irin lára ni, ẹ so irin yẹn mọ́ earth o, torí irin ń gbé àrá. Ẹ má sì ra core (okùn gíláàsì inú fiber) mẹ́rin torí pé méjì lẹ fẹ́ lò, ẹ ra 24: ilẹ̀ gbígbẹ́ ló ń gbówó nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ nínú páìpù. Èyí tí wọ́n bá fi kọ́ orí òpó, àwọn tó ń dáná sungbó lọ́gbẹlẹ̀ á bá yín jó o. Kó sì gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ switch àgbà tí gbogbo ilé so mọ́, kí katapílà tó bá gé ọ̀kan má baà dá iṣẹ́ dúró.

Ó wá ku ti aago mẹ́wàá tẹ́ ẹ sọ yẹn. Àfàìmọ̀ ni bursary, akẹ́kọ̀ọ́, printer àti CCTV ò wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Tí kọ̀ǹpútà kan bá ń wá ìkejì ẹ̀ níbẹ̀, gbogbo èrò ló ń ké sí, bí ẹni tó dúró láàárín Ọjà Ọba l'Ádó tó ń pariwo pé “Ìyá Bọ́sẹ̀ dà?”, gbogbo ọjà á yíjú, títí kan ẹni tí ò kàn. Kí fóònù ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máa ṣèyẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo ariwo! VLAN, ìyẹn ètò inú switch tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ máa fi pín wọn, kí bursary dá wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ dá wà, faculty kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní /24 náà ò ní ju address (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń lò) 254 lọ, tí DHCP yín, ìyẹn ètò tó ń pín address, bá sì ń fún fóònù tó kàn ń kọjá lọ ní address fún odidi ọjọ́ kan, ó máa tán kí aago mẹ́wàá tó lù, àwọn yòókù á wá jókòó ti “obtaining IP address”. Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè tó fẹ̀, kẹ́ ẹ dín lease wọn, ìyẹn àkókò tí fóònù fi ń di address mú, sí wákàtí kan tàbí méjì. Ìyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ lè ṣe é lónìí.

Switch tẹ́ ẹ bá máa rà, kó jẹ́ managed, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ lè wọ inú ẹ̀ lọ ṣètò. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, tẹ́nì kan bá ṣèèṣì ki orí wáyà kan méjèèjì bọ inú ẹ̀, gbogbo faculty ló máa dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Èyí tó ní STP, ètò tó ń mọ̀ tí wáyà bá yí po, á ti port (ihò) yẹn pa fúnra ẹ̀. Ẹ fi inverter àti bátìrì lithium tì wọ́n, wọn kì í jẹ iná púpọ̀.

Wi-Fi ni kó kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ òun lojú gbogbo èèyàn ń rí. Channel (ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà) mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kì í kọ lu ara wọn lórí ìgbì 2.4GHz, torí ẹ̀ kíkó access point (ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi) jọ sínú gbọ̀ngàn kan lè bà á jẹ́ sí i, ẹ gbé ọ̀pọ̀ fóònù lọ sórí 5GHz. Password kan ṣoṣo tí gbogbo campus mọ̀ ò dáa, kí kálukú máa fi orúkọ tiẹ̀ wọlé. Tẹ́ ẹ bá sì gba eduroam, Wi-Fi àjọlò àwọn yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ yín tó bá lọ sí yunifásítì míì tó ní in á kàn wọlé ni.

Ẹ má tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi faculty kan bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi. Tí ASUU bá yanṣẹ́ lódì, ẹ kúkú mọ̀ pé àkókò ti dé.

Ní ti Starlink, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Lóṣù kẹta 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun gé lápá Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn dákú, ẹni tó ní ọ̀nà kejì tí ò gba inú òkun níbí rí nǹkan lò. Ẹ ra ẹyọ kan tàbí méjì fún bursary àti registry láti fi dúró. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e sí gbogbo faculty, iye faculty tẹ́ ẹ ní ni iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ máa máa tọ́jú, plan tí gbogbo èèyàn ń rà kì í sì í fún yín ní public IPv4 (address tí ará ìta fi lè rí yín), torí náà portal tó bá wà lórí sáfà inú campus yín ò ní ṣeé dé láti ìta gba ibẹ̀.