Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Sọ Ọ́: Ilé Ọ́pẹ́rà Tí Wọn Ò Ṣeré Níbẹ̀, Kí Là Ń Wò?

Fọ́tò ilé ọ́pẹ́rà Párísì, ilé tí wọ́n kọ́ fún eré tí wọ́n ń fi orin sọ, tá a gbé jáde lóṣù tó kọjá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta la mú, Àgbádárìgì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti wá, àfi bíi pé wọ́n pàdé lọ́jà kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Omi tútù àti káńdì àgbọn ni mò ń tà níwájú ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845 nílùú wa níbí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó wá wo ibẹ̀, wọ́n á gòkè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ya fótò, wọ́n á lọ. Ó wá kàn mí báyìí. Ọmọ mi ní Párísì ti ránṣẹ́ pè mí, físà ti jáde, ó ní òun máa mú mi lọ wo ilé ọ́pẹ́rà yẹn lọ́sàn-án, tíkẹ́ẹ̀tì la sì máa fi wọlé. Mo ní ta ló ń ṣeré lọ́jọ́ náà, ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣeré, ilé la fẹ́ wò. Àǹtí, ṣé kì í ṣe jìbìtì? Kí ni mo sì máa wọ̀? — Mọ̀mí Alágbọn

Mọ̀mí, ẹ kú oríire físà. Ẹ dákun ẹ lọ. Ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yé jù, torí àwọn tó ń wá síwájú ìsọ̀ yín, ṣé wọ́n ń bá míṣọ́nnárì kankan nílé ni? Ilé náà ni wọ́n wá wò, tiyín náà nìyẹn.

Palais Garnier lorúkọ ibẹ̀, ẹni tó ya ilé náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Charles Garnier. Ní 1861 tí wọ́n ní kí àwọn tó ń ya ilé wá díje, iṣẹ́ 171 ló wọlé, ọ̀gbẹ́ni yìí tó jẹ́ ẹni ọdún 35, tí ò tíì fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ló gbégbá orókè. Oṣù kìíní ọdún 1875 ni wọ́n tó ṣí i.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Garnier ni pé ó mọ nǹkan kan tí gbogbo ìyá ìyàwó mọ̀, pé àwọn èèyàn ò wá sóde torí ìrẹsì nìkan, wọ́n wá kí wọ́n lè rí wọn ni. Ló bá kọ́ àtẹ̀gùn ńlá kan, mábù funfun ni ibi tá à ń tẹ̀, mábù pupa àti aláwọ̀ ewé ló wà níbi tá à ń fọwọ́ dì mú, àjà tó wà lókè ẹ̀ ga tó mítà 30, báákónì wá yí gbogbo ẹ̀ ká lókè kí àwọn tó ti dé lè dúró síbẹ̀ máa wo ẹni tó ń bọ̀, aṣọ wo ló wọ̀, ta ló mú dání. Ẹ rántí bí ìyàwó ṣe máa ń jó wọlé tí fótógíráfà á máa fà sẹ́yìn níwájú ẹ̀, nǹkan tí àtẹ̀gùn yẹn wà fún nìyẹn. Kí wọ́n tó ká aṣọ ìtàgé sókè, eré ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.

Torí náà ọ̀rọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ béèrè, ìbéèrè gidi ni. Lọ́sàn-án kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ yín wò, jíǹsì àti kámbà làwọn míì ń wọ̀ wá, àmọ́ èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ìró àti bùbá tó dáa, kí gèlè má pọ̀ jù, kí bàtà jẹ́ pẹlẹbẹ torí mábù ń yọ̀. Kí ọmọ yín dúró nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kó yà yín, kó má ṣáà tan fíláàṣì.

Tẹ́ ẹ bá gòkè, ẹ máa bọ́ sí gbọ̀ngán gígùn kan, mítà 54 ni gígùn ẹ̀, àjà ẹ̀ ga tó mítà 18, góòlù àti dígí ńlá ńlá ló kún ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń na ẹsẹ̀ tí eré bá dúró díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí dígí ń ṣe níbẹ̀.

Gbọ̀ngán eré fúnra ẹ̀ ò tóbi tó bẹ́ ẹ ṣe máa rò, àga ibẹ̀ ò pé 2,000, àrán pupa ni wọ́n fi ṣe ìjókòó. Ẹ gbójú sókè. Iná onígíláàsì tó rọ̀ síbẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 6 lọ, ní 1896 irin kan nínú àwọn tí wọ́n fi ń mú un dọ́gba já bọ́ sáàárín èrò, obìnrin kan sì kú. Ibi tí ìtàn iwin tó ń gbé ilé ọ́pẹ́rà ti ráyè wọlé nìyẹn o, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Gaston Leroux ló kọ ọ́, wọ́n sì ti wá kọ orúkọ iwin náà sára ilẹ̀kùn yàrá ìjókòó nọ́ńbà 5. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá. Àwòrán tó yí iná yẹn ká, Marc Chagall ló kùn ún, 1964 ni wọ́n ṣí i, bàbá náà ti pé ẹni ọdún 77, kò sì gbowó iṣẹ́. Àwọn kan bínú nígbà yẹn pé àwọ̀ ẹ̀ ò bá ilé mu, bí ìgbà téèyàn lẹ àdìrẹ mọ́ aṣọ òkè. Èmi ò bá wọn bínú, mo rò pé ibẹ̀ lojú ti ń sinmi lọ́wọ́ góòlù. Àwòrán ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, wọn ò bà á jẹ́.

Ọba tó ní kí wọ́n kọ́ ilé yìí náà máa ń ṣe mí láàánú. Napoleon Kẹta ni. Wọ́n ti ju bọ́ǹbù lù ú ní 1858 níwájú ilé ọ́pẹ́rà àtijọ́, òun yọ, àwọn míì kú. Garnier bá ṣe ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin á gùn wọlé tààrà. Kò gba ibẹ̀ wọlé rí. Wọ́n yọ ọ́ lórí oyè ní 1870, ó kú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1873, ilé ò tíì parí. Garnier tó kọ́ ọ gan-an, wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ sanwó ìjókòó ẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé!

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó wo íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí tí wọ́n bá ń ṣe rìhásà lọ́jọ́ náà wọ́n lè ti gbọ̀ngán eré pa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí nílé ọ́pẹ́rà kan nílùú míì tí mi ò ní dárúkọ, ojú gíláàsì kékeré lára ilẹ̀kùn ni mo ti yọjú bí ẹni tó ń jí ọbẹ̀ wò. Tó bá sì ní òun fẹ́ fi eré alẹ́ kún un, kó ka tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, ilé méjì ni iléeṣẹ́ ọ́pẹ́rà Párísì ní, èkejì wà ládùúgbò Bastille, 1989 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́pẹ́rà ń lọ báyìí, ijó báléètì ló pọ̀ jù ní Garnier. Àwọn ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tí owó ẹ̀ ò pọ̀ yẹn, àwọn míì nínú ẹ̀ jẹ́ pé orí ẹlòmíì lẹ máa wò ṣúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ métírò, ẹ sọ̀ ní Opéra. Ẹnu ọ̀nà àwọn tó wá wo ilé kì í ṣe iwájú, igun tí òpópónà Scribe àti Auber ti pàdé ni.

Àǹtí, tíṣà wa ní Ogunde àti Duro Ladipo náà ṣe ọ́pẹ́rà. Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti òyìnbó? — Akẹ́kọ̀ọ́, Tòpó

Tíṣà yín ò parọ́. Eré tí wọ́n fi orin sọ ni ọ́pẹ́rà. Ogunde bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1944 nígbà tó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti yọ ọ́ wá, Duro Ladipo sì gbé tiẹ̀ dé Berlin ní 1964 pẹ̀lú ìlù bàtá. Ti òyìnbó kì í sábà lo máìkì, ọ̀fun lásán ni olórin á fi borí gbogbo onífayolíìnì, ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé tó ń gbé ohùn fún un nìyẹn. Ti Ogunde, ọkọ̀ ni ilé ọ́pẹ́rà, wọ́n á kó ẹrù sẹ́yìn ẹ̀, ìlú tí wọ́n bá dé, gbọ̀ngán tó bá wà níbẹ̀, ó ti yá. Lọ bi bàbá ẹ àgbà.

Àǹtí, bíríkìlà ni mí ní Àjàrá. Níbí, a ò ní tíì gbẹ́ fandésọ̀n jìnnà tí omi á ti yọ. Ẹnì kan wá ní adágún omi wà lábẹ́ ilé ọ́pẹ́rà tẹ́ ẹ gbé fọ́tò ẹ̀, mo ní irọ́ ni, ilé ńlá báyẹn ò lè dúró lórí omi. A ti ta tẹ́tẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì. — Bíríkìlà

Bọ̀dá, ẹ san ẹgbẹ̀rún kan fún un, kẹ́ ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan yòókù, torí omi wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe adágún, táńkì ni, àwọn bíríkìlà bíi tiyín ló mọ ọ́n.

Abẹ́ ìtàgé ilé ọ́pẹ́rà gbọ́dọ̀ jìn, kí wọ́n lè sọ àwòrán ńlá ńlá tí wọ́n fi ń ṣeré kalẹ̀ síbẹ̀ láì ká a. Garnier ń gbẹ́, ó ń gbẹ́, ló bá kan omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ onísítíìmù wá, ó ń fa omi tọ̀sán tòru fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi ò tán. Wọ́n bá da kọnkéré, wọ́n mọ ògiri onípele méjì, wọ́n fi ọ̀dà sí i kí omi má lè gbà kọjá, wọ́n wá fúnra wọn pọn omi kún inú ẹ̀. Ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ṣe sépítìkì táńkì síbi tí omi sún mọ́, tẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ lófìfo, ó lè léfòó lọ́jọ́ tí òjò bá pọ̀. Omi tó wà nísàlẹ̀ ń tì í sókè, ti inú ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilé wá dúró. Tí iná bá sì ṣẹ́, omi panápaná ti wà nílẹ̀.

Òkùnkùn birimù ni ibẹ̀, àwọn panápaná ìlú náà sì ń lọ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tó wá wo ilé kì í débẹ̀ o, ẹ bá mi sọ fún Mọ̀mí Alágbọn tẹ́ ẹ bá rí wọn, kí wọ́n má lọ máa bẹ àwọn gáàdì.