Ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, Òṣogbo ni wọ́n ń gbé, èmi ò sí nílé. Kí ni fóònù lè bá wa ṣe?

Fóònù fúnra rẹ̀ kò lè wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ o. Aago ọwọ́ tàbí òrùka tí wọ́n bá polówó fún Màmá ní Ọjà Ọba pé ó ń wọ̀n ọ́n láì gún ìka, ẹ má náwó sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé òun ò tíì fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta sítíríìpù rẹ̀, ìyẹn pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, torí ibẹ̀ gan-an lowó ń lọ.

Ìrántí àti àkọsílẹ̀ niṣẹ́ fóònù. Ẹ ṣètò álààmù fún oògùn wọn. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán láàárọ̀, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ó jẹ́ 142, mi ò tíì jẹun.” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ fún dókítà. Ṣáájú oúnjẹ, 80 sí 130 mg/dL (òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́. Bó bá kéré sí 70, kí wọ́n má dúró de èsì yín: kí wọ́n mu nǹkan oníṣúgà kíá, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.