Kọ̀ǹpútà Linux tó ń hang, tí díìskì rẹ̀ ń fà: ṣé díìskì ló bàjẹ́ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Fọ́tò ni mò ń yà ní Ìbàdàn, orí desktop kan tó ń lo Ubuntu, ọ̀kan lára irú Linux, ni mo sì ti ń tún wọn ṣe. RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, hard disk rẹ̀ jẹ́ 1 TB. Láti bí oṣù mélòó kan, á kàn dédé hang. Máòsì á ṣì máa rìn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ní ṣí. Tó bá tó bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, á tún máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kíkó fọ́tò láti inú káàdì kámẹ́rà sínú rẹ̀ ti wá ń gba àkókò gan-an. Nígbà míì, á kú fúnra rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi Ubuntu tuntun sí i, mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yí padà. Ẹlòmíì ní díìskì ti kú, kí n ra òmíràn. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì ra díìskì. Àmọ́ lónìí yìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kó àwọn fọ́tò tí kò ṣeé tún yà sórí díìskì míì: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú. Bó bá jẹ́ pé díìskì yẹn ló ń kú lóòótọ́, gbogbo àyẹ̀wò tí a bá ṣe lórí rẹ̀ ń jẹ nínú ìwọ̀nba ẹ̀mí tó kù fún un.

Ubuntu tuntun kò lè wo àrùn yìí. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n fura sí ohun tó wà láàárín díìskì àti bọ́ọ̀dù (motherboard). Tí Linux bá ní kí díìskì gbé nǹkan wá, tí díìskì ò dáhùn, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, máa ń fún un. Ẹ lè rí nọ́ńbà náà fúnra yín nínú /sys/block/sda/device/timeout (sda ni orúkọ tí Linux sábà máa ń pe díìskì àkọ́kọ́). Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun yòówù tó bá nílò díìskì á dúró, á máa retí. Máòsì ò nílò díìskì, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn. Tí 30 bá pé, kernel á já ìsopọ̀ náà, á tún un so, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Kernel kì í ṣe èyí kó má kọ ọ́ sílẹ̀. Gbàrà tó bá tún hang tó sì padà bọ̀ sípò, ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ:

sudo journalctl -k -b | grep -i ata

Tí ẹ bá rí “hard resetting link”, tàbí “limiting SATA link speed to 1.5 Gbps”, a ti mú un nìyẹn. Ìlà kejì yẹn túmọ̀ sí pé kernel ti dín eré kù nítorí pé àṣìṣe ń wáyé léraléra láàárín òun àti díìskì. Eré tó dín kù yẹn nìkan kọ́ ló ń fa ìfàsẹ́yìn yín o, nítorí 1.5 Gbps ṣì lè gbé nǹkan bíi 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Títún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra ló ń jẹ àkókò yín.

Ó wá kù kí a mọ̀ bóyá díìskì ló jẹ̀bi tàbí wáyà. Ẹ fi smartmontools, ètò tó ń ka ìròyìn ìlera díìskì, sórí ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ sudo smartctl -a /dev/sda. Ẹ má jẹ́ kí “PASSED” tó wà lókè tàn yín. Mo ti rí díìskì tó ń sọ PASSED nígbà tí kò lè ka ìdajì fáìlì tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lọ, níbi tí wọ́n to àwọn nọ́ńbà sí, kí ẹ wo RAW_VALUE ní ìparí ìlà.

Ìlà 197, Current_Pending_Sector, ni ojú ibi tí díìskì gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Ìlà 5 ni àwọn ibi tó ti bàjẹ́ tí ó sì ti fi àpò ìpamọ́ rẹ̀ rọ́pò. Tí 197 bá ju òdo lọ tó sì ń pọ̀ sí i, ẹni tó ní kí ẹ ra díìskì tuntun jàre. Ẹ má ṣe fsck, àṣẹ tó ń tún ètò fáìlì ṣe, lórí rẹ̀ rárá. Bí fọ́tò kan bá ṣì kù níbẹ̀, ẹ fi ddrescue, ètò tó ń kó nǹkan kúrò lórí díìskì tó ń bàjẹ́, kó o; gddrescue ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ètò tí Ubuntu ń pín. Ibi tó dára ló máa ń kọ́kọ́ kó, kó tó padà sí ibi tó le. Tí ẹ bá fún un ní mapfile, fáìlì tó ń kọ ibi tó dé sílẹ̀ sí, tí iná bá lọ láàárín, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí 5 àti 197 bá jẹ́ òdo, tó jẹ́ 199, UDMA_CRC_Error_Count (iye ìgbà tí ohun tó ń gba inú wáyà kọjá bàjẹ́ lọ́nà), ló ń gòkè, wáyà SATA tó so díìskì mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Wáyà tuntun kò wọ́n rárá sí díìskì. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ pààrọ̀ wáyà náà. Ẹ má tíì pààrọ̀ ojú ihò tí ẹ ki wáyà náà bọ̀ lára bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan náà, torí ohun kan lẹ́ẹ̀kan náà ni ká fi mọ ohun tó ṣe é. 199 kì í padà sí òdo láéláé, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Tó bá dúró síbì kan náà, ó ti tán. Ẹ tún tẹ sudo hdparm -t /dev/sda, tó ń wọn eré díìskì: hard disk 7200 rpm tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń ju 100 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń kú, ó ń tan ara rẹ̀, ń kọ mí lóminú ju ìfàsẹ́yìn lọ, nítorí power pack (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) tó ti rẹ̀ lè fa méjèèjì. Ẹ padà sínú àbájáde smartctl, kí ẹ wo ìlà 12, Power_Cycle_Count, iye ìgbà tí iná ti lọ tó sì ti padà dé sí díìskì. Tó bá ń lé sí i nígbà tí ẹ̀rọ ò kú rárá, iná ń já mọ́ díìskì lójú lọ́nà. Ó lè jẹ́ ẹnu wáyà iná rẹ̀ ló ṣí, ó lè jẹ́ power pack náà. Ẹ tún wo sudo journalctl -b -1 -e lẹ́yìn tó bá tan ara rẹ̀. Tí àkọsílẹ̀ bá kàn já láàárín iṣẹ́, láìsí ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ń palẹ̀ mọ́ láti kú, Ubuntu kọ́ ló pàṣẹ pé kó kú. Iná, bọ́ọ̀dù, ooru tàbí RAM ni ká wá lọ síbẹ̀. Ẹ yá power pack ẹlòmíì wò kí ẹ tó náwó.

Ti RAM, ẹ jẹ́ kí Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú, lálẹ́ tí iná bá dúró dáadáa. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Tó bá yọjú, tí RAM yín bá jẹ́ igi méjì, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ tún un ṣe. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kó fọ́tò, torí RAM tó bàjẹ́ lè ba fáìlì jẹ́ bó ṣe ń kọjá, láìsí ariwo kankan, ẹ̀dà tí ẹ pamọ́ náà á sì bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Tí Memtest86+ bá rí àṣìṣe, ẹ ṣí àwọn fọ́tò tí ẹ ti kó síta lọ́kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ má sì pa káàdì kámẹ́rà rẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé wọ́n pé.