Kí ló dé tí àwòrán DVD fi ń fẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ onínṣì 43, Full HD. Nígbà tí a so DVD wa àtijọ́ mọ́ ọn, tí a fi fíìmù ìgbéyàwó wa ti ọdún 2006 sí i, ńṣe ni gbogbo wa sanra, tí a sì kúrú. Ojú wa pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, àwòrán sì ń ṣe bàìbàì. Nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tí a ń lò tẹ́lẹ̀, kedere ló ń hàn. Ṣé ọjà gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún wa ni?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá, mà. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, tẹlifíṣọ̀n yín kò ní àbùkù, DVD yín náà kò bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ni kò tíì mọwọ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti sísanra. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 3, ìbú rẹ̀ á jẹ́ 4. Òun ni wọ́n ń kọ ní 4:3. Ti ìsinsìnyí jẹ́ 16:9. Ojú àtijọ́ ni wọ́n ya ìgbéyàwó yín fún, tẹlifíṣọ̀n tuntun wá fà á láti ọ̀tún dé òsì kó lè kún. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ ASPECT tàbí P.SIZE sí lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ yan 4:3. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò dúdú. Ibi tí àwòrán yẹ kó dé náà ló dé yẹn. Ẹ má yan ZOOM o, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ló máa ń gé, gèlè àwọn ìyá ìyàwó ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tọ́, ẹ wá aago ògiri tàbí táyà mọ́tò tí kámẹ́rà kọjú sí gan-an. Bí ó bá rí roboto, ẹ ti débẹ̀. Bí ó bá rí bí ẹyin, ó kù.

Ti fíìmù tí wọ́n ṣe fún ojú fífẹ̀ yàtọ̀. Inú DVD ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ tẹ SETUP lórí rìmóòtù rẹ̀, ẹ wá TV TYPE tàbí TV DISPLAY, kí ẹ yan 16:9. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí 4:3 LB, DVD fúnra rẹ̀ ni yóò fi dúdú dí òkè àti ìsàlẹ̀, nínú ìlà 576 tó wà nínú díìsìkì, tí wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ di àwòrán, 432 péré ni yóò kù fún àwòrán. Èmi kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nínú tẹlifíṣọ̀n kí n tó yẹ èyí wò.

Ó wá ku bàìbàì. Díìsìkì DVD tiwa níbí ń gbé àmì wẹ́wẹ́ 720 níbùú, 576 lóròó, àpapọ̀ 414,720. Ojú Full HD ń fẹ́ 2,073,600. Ìlọ́po márùn-ún gééré! Nínú àmì márùn-ún tí ẹ ń wò, ọ̀kan ló ti inú díìsìkì wá, tẹlifíṣọ̀n ló fòye gbé mẹ́rin yòókù kalẹ̀. Gaàrí ife kan ni ẹ fi omi sí: yóò wú, ṣùgbọ́n kò lè di ife márùn-ún. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kò fẹ̀ tó láti tú àṣírí yẹn ni. Fíìmù VCD àtijọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí 352 níbùú àti 288 lóròó ni gbogbo ohun tó ní. Nítorí náà, ẹ sún ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì dín SHARPNESS kù. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Kò lè mú ohun tí kámẹ́rà kò yà jáde, ìlà funfun ló ń fà yí etí nǹkan ká. NOISE REDUCTION náà, tó ń nu àmì játijàti inú àwòrán kúrò, LOW ti tó fún un. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò sọ ojú èèyàn di ti ọmọláńgidi.

Ojú tó pọ́n kò le rárá. Ẹ wo PICTURE MODE, ó ṣeé ṣe kó wà lórí VIVID tàbí DYNAMIC, èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù kí àwòrán lè borí iná tó mọ́lẹ̀ rekete. Ẹ yí i sí MOVIE tàbí CINEMA. Ó lè kọ́kọ́ dà bíi pé ó ṣókùnkùn. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì kí ojú yín mọ́ ọn lára.

Bí DVD yín bá ní ihò HDMI, ìyẹn ihò wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra wáyà rẹ̀. Wáyà yẹ́lò kan ṣoṣo ló ń kó ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pa pọ̀, wọ́n sì máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Bí yẹ́lò nìkan ló wà, ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun, ihò gíríìnì ni wọ́n ń kì í bọ̀. Bí àwòrán bá wá di dúdú òun funfun, ẹ lọ sí SOURCE, kí ẹ yan AV dípò COMPONENT.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Díìsìkì tí wọ́n kọ nílé ń ṣá bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé ìgbéyàwó náà sórí fláàṣì láìpẹ́, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé 4:3 ni kó fi sílẹ̀, kó má fẹ̀ ẹ́. Fífẹ̀ tó bá ti wọnú fáìlì, rìmóòtù kì í sábà lè tún un ṣe mọ́.